Wọn Ò Lè Ṣe Yamila Méjì

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé ni wọ́n rí i pé wọ́n ti já àgádágodo yàrá tútù ní ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ẹ̀dà ẹṣin pólò ní ìlú Cañuelas. Ogójì ìgò wẹ́wẹ́ ló máa ń wà nínú àgbá irin tó ń rú èéfín òtútù, awọ ẹṣin olówó iyebíye tí wọ́n fi ń ṣe ẹ̀dà ló wà nínú wọn. Mọ́kàndínlógójì ṣì wà níbẹ̀, ìdérí àgbá sì wà ní dídé. Ẹyọ kan tó kù wà lójú fèrèsé, ó ti yọ́ tán.

Larralde, ọ̀gá ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, gbé ìgò náà sókè, ó ka orúkọ tó wà lára rẹ̀. "Estrella. Dókítà, ẹṣin wo nìyí? Mi ò rí i nínú ìwé yín."

Dókítà Iturbe, tó ń ṣe àwọn ẹ̀dà náà, sún mọ́ ọn. "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pariwo. Kì í ṣe ẹṣin. Ọmọ ni."

"Ọmọ ta?"

"Ọmọ Crisanto, olùtọ́jú ẹṣin wa. Yamila, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Ibà ló pa á lọ́dún méjì sẹ́yìn. Crisanto kúnlẹ̀ níwájú mi kí wọ́n tó sin ín, ó ní kí n gé awọ etí ẹ̀ pamọ́, pé lọ́jọ́ tí ọgbọ́n bá gbà á, kí n tún un ṣe fún òun. Orúkọ ẹṣin ni mo kọ sí i, àwa méjèèjì àti ìyàwó rẹ̀ nìkan ló mọ̀ ọ́n."

"Ẹ sì mọ̀ pé kò tọ́?"

"Mo mọ̀. Ẹ ò rí ojú ọkùnrin yẹn ni."

Àwọn méjèèjì jọ lọ sí ilé Crisanto lẹ́yìn ọgbà ẹṣin. Ọkùnrin náà ń rìn síwá sẹ́yìn, ó ń ké. "Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì tó ń ta ko ẹ̀dà ṣíṣe ni! Wọ́n ti pa ọmọ mi!" Delfina, ìyàwó rẹ̀, ń bu mate, ewé tí wọ́n ń fi omi gbígbóná mu nínú igbá, fún àlejò, ọwọ́ òsì ló fi ń bù ú. Ó ti wé aṣọ mọ́ ìka mẹ́ta lọ́wọ́ ọ̀tún.

"Kí ló ṣe yín lọ́wọ́, Doña Delfina?"

"Omi mate ló bó mi. Ó ń hó lórí iná, ló bá dà sí mi lọ́wọ́."

Larralde mu tirẹ̀ tán, ó dá igbá padà. "Don Crisanto, àwọn ẹ̀dà ẹṣin yìí, ṣé bákan náà ni wọ́n rí pẹ̀lú àkọ́kọ́?"

Crisanto kọjú sí ògiri.

"Sọ ti ẹ̀dà Golondrina, ẹṣin tí o fẹ́ràn jù, fún wọn, bàbá Yamila," ni ìyàwó rẹ̀ wí.

"Àwọ̀ kan náà," ni Crisanto fèsì wúyẹ́wúyẹ́. "Àmì funfun kan náà níwájú orí. Mo súfèé sí i, kò tilẹ̀ yíjú. Mo..."

"O nà án ni," Delfina gbà á lẹ́nu rẹ̀. "O nà án títí ẹ̀jẹ̀ fi jáde, torí pé kì í ṣe Golondrina."

Larralde mí kanlẹ̀. "Òtítọ́ kì í ṣìnà, irọ́ ní ń forí gbọgbẹ́. Doña, mi ò tíì rí àgbàlagbà ìlú yìí tó jẹ́ kí omi mate hó rí, ewé á bàjẹ́. Omi tó dànù kì í sì í ṣa ìka mẹ́ta bó. Òtútù àgbá yẹn, tó ń jó bí iná, ló jó yín nígbà tí ẹ mú ìgò. Olè ì bá kó ti ẹṣin. Ẹ̀yin dé àgbá padà kí ti ẹlòmíì má bàa bàjẹ́. Orúkọ Estrella yẹn, ẹ̀yin mẹ́ta péré lẹ mọ̀ ọ́n."

Crisanto yíjú síyàwó rẹ̀. "Delfina? Ìwọ?"

"Èmi ni. Lọ́sàn-án àná, nígbà tí gbogbo yín wà lórí pápá. Ọmọ tí ẹ fẹ́ ṣe yẹn, aṣọ òkú lá máa wọ̀, orúkọ òkú lá máa jẹ́. Lọ́jọ́ tí o bá pè é tí kò bá rẹ́rìn-ín bíi Yamila, ojú tí o fi wo ẹṣin yẹn lo máa fi wò ó. Ta ló bi í bóyá ó fẹ́ wá ṣe ẹ̀dà ẹnikẹ́ni? Mo bá a kọ̀ ọ́. Àbí o rò pé mi ò fẹ́ ọmọ mi ni? Mo jókòó ti ìgò yẹn títí oòrùn fi yọ́ ọ tán. Mo ń kọrin fún un."

"Dókítà, kò ṣeé mú dì padà?"

"Kò ṣeé ṣe mọ́, Crisanto."

Larralde kò lè wo ojú ẹnikẹ́ni. "Jíjá àgádágodo, ẹjọ́ ni, Doña. Dókítà, ẹ̀yin náà ní tiyín láti jẹ́."

Crisanto jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Yamila kú," ó wí. Ọdún méjì gbáko, kò tíì sọ ọ́ rí.

"Ó kú, ọkọ mi," ni Delfina wí. "Ó ti kú."