Ajílẹ̀ Lóko Olóògbé Lambert

Ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Mo gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn méjì tí ó ṣojú wọn, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ọ̀rọ̀ wọn kò sì takora. N kò fi nǹkan kan kún un.

Ní Ahoyéyé, lágbègbè Pobè, odò kékeré kan wà tí gbogbo abúlé ń mu. Oko àgbàdo ni ó wà lókè rẹ̀. Bí òjò bá rọ̀, a máa gbá ajílẹ̀ òyìnbó láti inú oko wọnú odò. Èyí ni Éric, òṣìṣẹ́ omi kan, wá ṣírò. Ó kó bí ilẹ̀ ṣe dagẹ̀rẹ̀ sí, bí òjò ṣe pọ̀ tó, àti ajílẹ̀ tí olóko kọ̀ọ̀kan ń lò sínú kọ̀ǹpútà, kí ó lè mọ ibi tí ìdọ̀tí náà ti ń wá. Gbogbo ibi tí ó ti bu omi wò ni ó bá ìṣirò rẹ̀ mu, àyàfi ẹ̀gbẹ́ oko Lambert.

Lambert ti kú. Láti ìgbà tí wọ́n ti sin ín ni oko náà ti di igbó. Síbẹ̀, omi tí ó ń ti ibẹ̀ ṣàn wá ni ajílẹ̀ inú rẹ̀ pọ̀ jù.

Éric lọ bá Berthe, opó rẹ̀.

"Ìyá, ta ni ẹ fún ní oko yẹn dá?"

"Ejò ni mo fún. Lọ bi í."

"Ọ̀rọ̀ eré kọ́, Ìyá. Bí kò bá dáwọ́ dúró, wọn yóò ní kí ẹnikẹ́ni má mu odò yìí mọ́. Issaba ni ẹ ó ti máa pọn omi."

Berthe ní òun yóò mú un débẹ̀. Issaba jìnnà, arúgbó sì pọ̀ lábúlé.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, lẹ́yìn òjò, àwọn méjèèjì wọ igbó náà. Ẹyẹ kankan kò ké. Omi ń kán lára ewé. Wọ́n gbọ́ nǹkan níwájú. Ṣáà. Ó dákẹ́. Ṣáà. Bí ẹni tí ń bu nǹkan nínú àpò.

"Ta nìyẹn?" Éric bèèrè.

Ìró náà dá.

Wọ́n la koríko kọjá. Kò sí ènìyàn. Kò sí ipa ẹsẹ̀ nínú ẹrẹ̀. Ajílẹ̀ funfun ni ó wà nílẹ̀, ó tò lọ gbọọrọ, gbígbẹ, lẹ́yìn òjò. Òkìtì kọ̀ọ̀kan kò ju ẹ̀kún ìdérí ìgò bíà kan lọ. Kò sí àgbàdo kankan nítòsí wọn.

Gbogbo àgbẹ̀ ibẹ̀ ni ó ń fi ìdérí ìgò wọn ajílẹ̀ sídìí àgbàdo, wọn a sì fi erùpẹ̀ bò ó. Lambert kì í bò ó. Ó máa ń fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, ó sì máa ń kọjá lọ. Berthe bá a jà lórí rẹ̀ títí ó fi kú.

Ipa àtàǹpàkò wà lórí òkìtì kọ̀ọ̀kan.

Berthe kúnlẹ̀. Ó fi àtàǹpàkò tirẹ̀ sínú ọ̀kan. Àyè ṣẹ́kù.

"Ìyá, ta ni?"

"Fún mi láyè díẹ̀, ọmọ mi."

Éric sún sẹ́yìn, ṣùgbọ́n ó ń gbọ́ ọ. Orúkọ ọmọ wọn ni ó fi pe ọkọ rẹ̀.

"Bàbá Grâce, àwọn ọmọ ọmọ yín ni ó ń mu omi yìí. Ẹ fi oko sílẹ̀." Ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Ẹ máa bọ̀ nílé. Ẹ̀yìnkùlé ṣófo. N kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbin nǹkan kan síbẹ̀."

Nígbà tí òjò mìíràn rọ̀, omi ẹ̀gbẹ́ oko Lambert mọ́. Ìṣirò Éric bára mu. Abúlé ń mu odò wọn lọ.

Kí Éric tó kúrò, ó bu omi kànga ẹ̀yìnkùlé Berthe wò. Ajílẹ̀ inú rẹ̀ pọ̀ ju èyí tí ó wà nínú odò tẹ́lẹ̀ lọ.

"Ìyá, ẹ má mu omi yìí mọ́. Yóò ṣe yín ní jàǹbá."

"Mo ti gbọ́."

"Ẹ jẹ́ kí n rán ẹni tí yóò dí i."

"Mo ní mo ti gbọ́."

Berthe fa okùn sókè. Ó bu omi kànga náà sínú ife, ó sì mu ún níwájú rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, títí ó fi tán.