Ẹni Tí Yóò Gba Ìwé

Òótọ́ ni ohun tí ẹ fẹ́ kà yìí. Abdulmajeed àti Jemima, tí ó ṣojú wọn, ṣì wà láàyè. Ẹ lè bi wọ́n. Dárasími tí ó ṣẹlẹ̀ sí kì í ṣe ẹni tí í tètè gba nǹkan gbọ́. Ní yunifásítì tí ó ti ń kọ́ni, bí ẹnìkan bá sọ pé òun rí iwin, ìbéèrè ni yóò fi dá a lóhùn: "Níbo? Ìmọ́lẹ̀ wà níbẹ̀? Ṣé o ti jẹun kó o tó rí i?"

Ẹgbẹ́ òǹkàwé kan wà ní Bẹyẹrunka, nínú pálọ̀ Màmá Oyèdélé, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ẹni tí ó bá dábàá ìwé fún ẹgbẹ́ yóò jókòó sórí àga onígi tí ó wà lẹ́bàá fèrèsé, yóò sọ rere àti búburú rẹ̀. Kò sì gbọdọ̀ dìde títí ẹnìkan yóò fi nawọ́, tí yóò wí pé: "Mo gbà á." Abdulmajeed, aláwàdà wọn, ló ṣe òfin náà, nítorí àwọn tí ń yin ìwé tí wọn kò kà.

Mujeebat, tí òun àti Dárasími jọ wà nínú ẹgbẹ́ náà, kò dúró de ìpàdé. Ní Ọjọ́bọ̀, ní Bẹẹrẹ, lójú títì gbangba, ó gbé ọ̀rá kan lé Dárasími lọ́wọ́. Ìwé mẹ́ta wà nínú rẹ̀, ọ̀kan ń tẹ̀lé èkejì: ìtàn àròsọ nípa ìlú kan lórí òkè, tí gbogbo páànù rẹ̀ ti dógùn-ún, tí ọ̀nà rẹ̀ sì máa ń yí padà.

"O ò tíì ka irú ẹ̀ rí," ni Mujeebat wí. Ètè rẹ̀ gbẹ. "Ṣé o gbà á?"

"Kí ló dé tó ò ń gbọ̀n?"

"Dárasími, ṣé o gbà á?"

"Ó dáa. Mo gbà á."

Mujeebat bú sẹ́kún. Ó sá wọ ọkọ̀ máíkírà tí ń lọ sí Mọ́lété, kò sì bojú wẹ̀yìn.

Dárasími náà wọ ọkọ̀. Mọ́lété ni ìyá rẹ̀ ń dá gbé, tíṣà tí ó ti fẹ̀yìn tì, tí kì í sùn láìka ìwé. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ìyá náà wà nínú báàgì rẹ̀. Ọkọ̀ gba Ìdí Arère kọjá.

"Mọ́lété rèé o!" ni awakọ̀ ké.

Gbogbo èrò sọ̀kalẹ̀, kò sí ẹni tí ẹnu yà. Òun náà sọ̀kalẹ̀. Àwọn òpó Gbọ̀ngàn Mápó, tí ọkọ̀ ti kọjá tẹ́lẹ̀, ló dúró níwájú rẹ̀.

Ó ní àárẹ̀ ni. Ó wọ ọkọ̀ mìíràn. Mápó. Ó wá fẹsẹ̀ rìn. Nígbà tí ó fẹ́ jáde ní Ìdí Arère, ariwo ẹ̀rọ ìlọta gé. Kò rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó gé. Òórùn èlùbọ́ gé pẹ̀lú rẹ̀. Ó tún gbẹ́sẹ̀ kan. Ẹ̀yìnkùlé Màmá Oyèdélé ni ẹsẹ̀ náà balẹ̀ sí.

Inú ilé náà ló sùn fún òru méjì. Ibẹ̀ náà ló ti ka ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tán. Èyí tí ó kẹ́yìn sọ ọ́ kedere: ẹni tí ó bá wọ ìlú náà kò lè jáde, àfi bí ẹlòmíràn bá fi tinútinú gba ipò rẹ̀.

"Ìtàn àròsọ ni," ó wí fún ògiri.

Ọ̀sán Àbámẹ́ta ni ẹgbẹ́ òǹkàwé pé. Kí ó tó jókòó, ìyá rẹ̀ pè.

"Dárasími, oògùn mi ti tán o. Orí ń fọ́ mi. Ìgbà wo lò ń bọ̀?"

"Mo ń bọ̀, Màmá."

"Ọ̀jọ̀gbọ́n, àga rèé," ni Abdulmajeed wí. "Wá kiri ọjà rẹ."

Ó jókòó. Ó gbé àwọn ìwé náà lé itan. Gbólóhùn kan péré láti ẹnu ẹnìkan, òun yóò sì dé ọ̀dọ̀ ìyá òun. Ṣùgbọ́n ipò òun ni ẹni náà yóò bọ́ sí.

"Ìwé náà dùn," ó wí, nítorí òótọ́ ni. "N kò ka èyí tí ó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ẹ má kà á."

"Ẹ gbọ́ o! Alákàrà tó ní ká má tọ́ àkàrà òun wò!" ni Abdulmajeed ké.

Jemima, ọ̀rẹ́ Dárasími tí ó wá láti Gbági, ń rẹ́rìn-ín. "O ti tà á fún mi. Mú un wá, ọmọ mi ti ń retí ọmú nílé." Ó nawọ́. "Mo—"

Dárasími fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó lẹ́nu.

"Má sọ ọ́. Mo bẹ̀ ọ́, Jemima. Lọ bá ọmọ rẹ."

Jemima fi ìbínú jáde. Àwọn yòókù tẹ̀lé e, Màmá Oyèdélé sì sìn wọ́n. Abdulmajeed bojú wẹ̀yìn lẹ́nu ọ̀nà, ó ń rẹ́rìn-ín: "Òfin lòfin o. Má dìde!"

Ẹsẹ̀ wọn dún lórí àtẹ̀gùn. Ìró náà gé.

Dárasími gbìyànjú láti dìde. Àga náà kò fi í sílẹ̀. Ó pe ìyá rẹ̀.

"Màmá, èmi ni."

"Ta ni?"

"Dárasími ni."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá mi ṣe irú eré yìí." Ara ìyá náà ti balẹ̀. "Dárasími ti wọlé. Ó ti fún mi lóògùn. Ó jókòó síwájú mi níbí."

Dárasími ki ọwọ́ bọ báàgì. Oògùn náà ṣì wà níbẹ̀. Páálí rẹ̀ tutù.

Lẹ́yìn ohùn ìyá rẹ̀, ó gbọ́ ọ̀rá tí ń pariwo wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Lẹ́yìn náà, ó gbọ́ ohùn kan, tí ó ń ka ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, tí ó mọ́ gaara. Ohùn tirẹ̀ ni.

"Màmá, ẹ fi fóònù sílẹ̀. Ẹ wá wo ìwé kan."

Dárasími wo itan ara rẹ̀. Kò sí ìwé níbẹ̀. Ojú ibi tí wọ́n wà ṣì tẹ̀ mọ́ síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀.

"Màmá! Ẹ má dá a lóhùn!"

"Ẹ ò tíì ka irú ẹ̀ rí," ni ohùn náà wí. "Ṣé ẹ gbà á?"

Ní Mọ́lété, ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó mí sínú, bí ẹni tí ó fẹ́ sọ̀rọ̀.