Ta Ló Rán Ọ Wá?

Bí oòrùn Oṣù Kẹjọ bá mú ní Charleston, àwọn ẹṣin tó ń fa kẹ̀kẹ́ àlejò pàápàá a máa yọ ahọ́n. Àmọ́ ọkùnrin tó dúró lẹ́nu géètì onírin ọgbà àtijọ́ kan wọ kóòtù dúdú tó nípọn, ó de bọ́tìnnì rẹ̀ títí dé ọrùn, kò sì sí ẹ̀kán òógùn kan lójú rẹ̀.

Èmi ni mo kọ́kọ́ rí i. Ó yẹ kí n ti yà kúrò lọ́nà.

Èmi àti àbúrò mi, Cephus, la jọ ń rìn. Láti ìgbà tó ti lọ sí Detroit ni kò ti wálé mọ́, kò tilẹ̀ wá sin ìyá wa. Ó wá dé lójijì, ó ní kí n mú òun rìn káàkiri ìlú tí wọ́n ti bí òun. Mo fi agbọ̀n koríko tí mò ń hun tà lọ́jà sílẹ̀, mo tẹ̀ lé e. A jẹ edé àti ọbẹ̀ ilá, a rìn létí odi òkun, ó ń ya fọ́tò, ó ń rẹ́rìn-ín. Bó ṣe ń rẹ́rìn-ín ni inú ń bí mi.

"Cephus, o ò tíì bi mí pé níbo la sin Màmá sí."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fi mí lọ́rùn sílẹ̀ lónìí nìkan. Ṣé ìjà lẹ bá mi jáde ni?"

"Ẹni tí kò sunkún ìyá rẹ̀, kí ni wọ́n ń pè é?"

"Ẹ máa pè mí ní ewúrẹ́. Mo ti jẹ́ ẹ. Mẹ̀ẹ̀!"

Ẹnu igbe ewúrẹ́ yẹn la wà tí a fi dé géètì náà. Ọkùnrin náà wò ó láti orí dé ẹsẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ ra ẹran.

"Ta ló rán ọ wá?" Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀.

Cephus rò pé ọ̀kan lára àwọn tó máa ń múra bí ará àtijọ́ láti dá àlejò lára yá ni. Ó nawọ́ sí mi. "Ẹ̀gbọ́n mi ló rán mi, sà."

Ọkùnrin náà yíjú sí mi. "Ṣé lóòótọ́ ni?"

Inú ṣì ń bí mi. Mo ní, "Èmi ni. Ẹ bá mi kọ́ ọ lọ́gbọ́n."

Kò rẹ́rìn-ín. Ó kàn ṣí géètì, a sì wọlé.

Inú ọgbà náà tutù bí inú kànga. Ìró pátákò ẹṣin tó ń dún ní títì dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìgbà náà ni mo tó rántí ohun tí ìyá wa máa ń sọ nípa irú ọgbà bẹ́ẹ̀: láyé ẹrú, olówó tí kò fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ na ẹrú a rán an lọ síbẹ̀, wọn a sì bá a nà án. Mo yíjú láti fa Cephus jáde. Ó ti kọjú sí ògiri, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó di òrùka irin méjì mú. Ẹ̀rín ṣì kù lẹ́nu rẹ̀.

Ọkùnrin náà fa pàṣán awọ yọ lábẹ́ kóòtù rẹ̀. Pàṣán àkọ́kọ́ ya ẹ̀wù. Èkejì ya awọ. Ẹ̀jẹ̀ ta sí mi lẹ́nu, ó gbóná, ó níyọ̀. Cephus kígbe, "Màmá!"

Mo fò mọ́ ọkùnrin náà, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú pinpin. Ọwọ́ náà tutù bí irin. Ó gbé mi sókè, ó sọ̀ mí kalẹ̀, mi ò fi sílẹ̀. "Ó tó! Ẹ jọ̀ọ́, mo ní ó tó!" Bí mo ṣe ń dì í mú sí i ni pàṣán ń dún sí i.

Ó sọ ọ́ sí mi létí jẹ́jẹ́: "Ẹ ti rán an wá, mà. A kì í ṣe é láàbọ̀."

Obìnrin kan pariwo láti fèrèsé ilé kejì. Mo ṣẹ́jú, ọkùnrin náà kò sí mọ́. Cephus ti dojú bolẹ̀, mo sì ń rí funfun egungun lẹ́yìn rẹ̀.

Ní ilé ìwòsàn, ọlọ́pàábìnrin kan wá jókòó tì mí. Kámẹ́rà ilé tó kọjú sí ọgbà náà ti ká gbogbo rẹ̀. Ó gbé fóònù síwájú mi. "Ìyáàfin Albertha, ẹ wò ó."

Kò sí ọkùnrin kankan níbẹ̀. Cephus ló di ògiri mú. Èmi ló wà lẹ́yìn rẹ̀, okùn awọ ń bẹ lọ́wọ́ mi, apá mi ń lọ sókè, ó ń bọ̀ nílẹ̀, láìyára, láìkánjú, bí ẹni tó mọ iṣẹ́ náà dunjú. Mo wá ibi tí mo ti pariwo pé ó tó. Ẹnu mi kò là rárá.

Láti inú yàrá, mo gbọ́ ohùn àbúrò mi wúyẹ́wúyẹ́. "Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ̀ẹ́ kó wọlé."

"Ta ni? Ọkùnrin tó nà yín?"

"Ọkùnrin kankan ò nà mí. Ẹ̀gbọ́n mi ni."

Ọlọ́pàá náà yọ ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀, ó ní kí n na ọwọ́ méjèèjì. Ti òsì jáde wọ́ọ́rọ́wọ́. Ti ọ̀tún ni mo jókòó lé. Ó ń jà lábẹ́ mi bí adìẹ tí wọ́n dì lẹ́sẹ̀.

"Ẹ dè é kó le," ni mo wí fún un. "Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ mi, ẹ dè é kó le."