Àpótí Lẹ́tà Tó Ti Inú Ọ̀sà Wá

Ẹnu Àyìsátù la ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, ní ọjọ́ Àìkú kan nínú oṣù Agẹmọ ọdún 1992, nígbà tí òjò há gbogbo ilé mọ́ pálọ̀ tí iná sì ti lọ. Ó ti pa á mọ́ sínú fún ọdún mẹ́jọ kó tó sọ ọ́. Bó ṣe sọ ọ́ nìyí, a kò fi iyọ̀ kún un, a kò sì yọ ata kúrò níbẹ̀.

Ohun tó kọ́kọ́ yà á lẹ́nu ni pé lẹ́tà náà máa ń tutù.

Ẹni ọdún mẹ́rìnlélógún ni Àyìsátù nígbà náà, ó ń to lẹ́tà ní ilé ìtẹ̀wé Alàgbà Ògúntádé ní Ṣómólú, ní òpópónà kan tí èèyàn kò lè rìn kọjá ojúlé mẹ́ta kó má gbọ́ ariwo ẹ̀rọ. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa ṣa lẹ́tà òjé lọ́kọ̀ọ̀kan nínú pátákó oníhò, kó máa tò wọ́n sínú irin pẹlẹbẹ tó dì mú lọ́wọ́ òsì, kí ọ̀rọ̀ máa jáde ní òdìkejì bí ẹni ń wo dígí, títí ojú ìwé yóò fi kún. Ọdún tí àwọn ológun ń fi kòbókò to àwọn èèyàn sórí ìlà nítorí mílíìkì àti ṣúgà ni. Bébà di ohun tí wọ́n ń tọpa rẹ̀ bí ọmọ tó sọnù. Lẹ́tà tuntun láti òkè òkun kò tilẹ̀ sí. Nígbà tí àwọ̀n àwọn apẹja ní Ìlàjẹ ti Èkó wá fa àpótí onírin kan yọ láti ìsàlẹ̀ ọ̀sà, tí wọ́n ṣí i tí wọ́n bá òjé nínú rẹ̀, Alàgbà Ògúntádé ló sáré lọ rà á. Kẹrosíìnì ni wọ́n fi fọ lẹ́tà náà fún odindi ọjọ́ méjì. Gbogbo rẹ̀ dán, àfi ìṣù ẹrẹ̀ kan ní igun àpótí, tó gan bí bíríkì, tó sì wúwo ju ẹrẹ̀ lọ.

"Ẹ má jù ú nù," ni Mùtíù wí, ẹni tó ń wa ẹ̀rọ. "Ilẹ̀kùn yìí ti ń gbá mi lẹ́yìn tipẹ́." Ó gbé ìṣù náà sí ẹsẹ̀ ilẹ̀kùn, ibẹ̀ ló sì wà. Àwọn tí kì í jẹ́ kí èérún òjé kan bọ́ sílẹ̀ ní ọdún ọ̀wọ́n yẹn, kò sí ẹni tó yí i wò nínú wọn.

Láti ìgbà náà ni Àyìsátù ti ń dé láàárọ̀ tó ń fọwọ́ kan lẹ́tà tó ń bá a ní tútù. Kì í ṣe tútù ọyẹ́. Ó tutù bí ohun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú omi. Bó bá gbọ́ òórùn ìka rẹ̀, òórùn ọ̀sà ni, òórùn igi tó ti pẹ́ nínú omi iyọ̀. Ó ń fi ìdí ìró rẹ̀ nù ún, ó ń bá iṣẹ́ lọ.

Iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ nígbà náà, tinútinú ló fi ń ṣe é. Obìnrin arúgbó kan tó ń gbé ní Ladi-Lak, ọmọ Èkó gidi, tí gbogbo wọn ń pè ní Màmá Sabina, ló gbé ìwé àkọsílẹ̀ mẹ́fà wá. Ìtàn ìfẹ́ ayé àtijọ́ ni. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan wà níbẹ̀ létí omi, àwọn fèrèsé onígi rẹ̀ a máa ṣí fúnra wọn bí afẹ́fẹ́ kò tilẹ̀ fẹ́. Ẹ̀gbọ́n ìyá kan wà lókè tí kì í sọ̀kalẹ̀, tó jẹ́ ìró ọ̀pá rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń gbọ́. Ọmọbìnrin kan sì wà, Rebecca, tó ń gbé àtùpà sójú fèrèsé ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ kí Kọ́ládé, àfẹ́sọ́nà rẹ̀, lè rí ọ̀nà gbà lórí omi.

"Ibo lẹ dé?" Mùtíù á béèrè láti ìdí ẹ̀rọ.

"Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú ni."

"Láti ọjọ́ Ajé? Ọwọ́ yẹn ti kú tipiri nìyẹn."

"Mùtíù, tẹ bébà rẹ. Ìfẹ́ kì í ṣe ẹ̀rọ."

Màmá Sabina ti sọ ohun kan ṣoṣo fún Àyìsátù lọ́jọ́ tó gbé ìwé náà sílẹ̀. Ó fi ọwọ́ gbígbẹ rẹ̀ mú un ní ọrùn ọwọ́. "Ọmọ mi, dókítà ti sọ ti ọkàn mi fún mi. Mo fẹ́ kà á ní títẹ̀ kí n tó lọ. Má yí nǹkan kan padà o." Àyìsátù dáhùn pé kò sí ìyẹn nínú iṣẹ́ àwọn. Òfin ilé ìtẹ̀wé ni: ohun tí oníbàárà bá kọ ni kí o tò, bó tilẹ̀ kọ ọ́ pé oòrùn ń yọ ní ìwọ̀ oòrùn.

Ojú ìwé ìkẹyìn ni wàhálà ti dé. Màmá kọ ọ́ pé: "Kọ́ládé mú obìnrin mìíràn wọ ọkọ̀, wọ́n sì jọ lọ sí Fànàndó." Ó dun Àyìsátù pé ọkùnrin náà bá ẹlòmíràn lọ sí erékùṣù òkèèrè, ṣùgbọ́n ó tò ó bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ kejì tí wọ́n yọ púrúùfù, ìyẹn ẹ̀dà tí wọ́n fi ń wá àṣìṣe, ohun tó wà níbẹ̀ ni: "Kọ́ládé ti wà lójú ọ̀nà nígbà tí ọkọ̀ dojú dé."

Ó rò pé oorun ló kun òun. Ó tú ìlà náà, ó tún un tò, ó ń ka lẹ́tà kọ̀ọ̀kan sókè kí Mùtíù lè ṣe ẹlẹ́rìí. Àárọ̀ ọjọ́ kejì, púrúùfù jáde: "Kọ́ládé ti wà lójú ọ̀nà nígbà tí ọkọ̀ dojú dé." Mùtíù wo bébà, ó wo Àyìsátù. Kò fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Ohun tó bàjẹ́ jù ni pé Alàgbà Ògúntádé ti fi èyí àkọ́kọ́ ránṣẹ́ sí Ladi-Lak kó tó kà á. Ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni Màmá Sabina fi agboòrùn tilẹ̀ dé ṣọ́ọ̀bù, bébà náà wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ta ló ní kí ẹ bá a tọrọ àforíjì?" Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, ìyẹn ló sì jẹ́ kó burú. "Ọgọ́ta ọdún ni mo fi gbé e. Ẹ̀yin wá fi òru ọjọ́ kan tún un ṣe fún mi."

"Màmá, ẹ má bínú," Àyìsátù wí. Ó ti wà lórí ìkúnlẹ̀.

"Ọjọ́bọ̀ ni n ó padà wá. Bí kò bá rí bí mo ṣe kọ ọ́, ẹ kó ìwé mi fún mi. N ó kú láìkà á."

Nígbà tó lọ tán, Alàgbà Ògúntádé jókòó. Díákónì ni, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ẹni tí kì í gbé ohùn sókè. "Àyìsá, o mọ̀ pé mo fẹ́ràn iṣẹ́ ọwọ́ rẹ. Ṣùgbọ́n rímù bébà méjì ló kù fún wa láyé yìí. Bó bá tún rí bẹ́ẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀, bóyá kó o lọ sinmi nílé."

"Mo gbọ́, sà." Kì í ṣe ilé tó fẹ́ rán an lọ ló ń rò. Ojú arúgbó náà ló ń rò, bó ṣe ka ìlà yẹn tí inú bí i, àti bí ìka rẹ̀ ṣe ń ra bébà náà lára, bí ẹni tí kò fẹ́ kí ó jẹ́ irọ́.

Ní Ọjọ́rú, Alàgbà àti Mùtíù lọ sí Fádèyí, wọ́n gbọ́ pé ẹnì kan ní bébà níbẹ̀. Àyìsátù nìkan ló kù. Ìlà náà ló ń tò, ìgbà kẹta. Oòrùn ọ̀sán wà lórí ilẹ̀ bí ẹni tẹ́ ẹní. Ó gbọ́ tí ẹnì kan kí i láti ẹ̀yìn.

"Ẹ kú iṣẹ́ o."

Ọkùnrin kan ni, kò lè ju ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n lọ, ó wọ kóòtù funfun tó di bọ́tìnnì dé ọrùn, irú èyí tí wọ́n ń wọ̀ nínú àwòrán àwọn baba ńlá. Ó di fìlà òyìnbó mú lọ́wọ́. Àyìsátù rò pé iṣẹ́ ló ń wá, torí yíǹkì wà lábẹ́ èékánná rẹ̀, orí ìka ìtọ́ka ọwọ́ òsì rẹ̀ sì ti gé kúrò, bí ẹ̀rọ ṣe máa ń ṣe àwọn atẹ̀wé.

"Ọ̀gá ò sí nílé, ẹ̀gbọ́n."

"Kì í ṣe ọ̀gá ni mo bá wá." Ó tẹ̀ síwájú, ó ka ojú ìwé òjé náà bó ṣe wà ní òdì, ojú rẹ̀ ń sáré lórí rẹ̀ láìdúró. Ẹni tó bá ti pẹ́ nídìí rẹ̀ nìkan ló lè kà á bẹ́ẹ̀. Ó mí kanlẹ̀. "Ẹ ti tún tò ó bẹ́ẹ̀."

"Oníbàárà ló ni ọ̀rọ̀ rẹ̀. A kì í tún un ṣe."

"Òótọ́ ni. Bí wọ́n ṣe kọ́ èmi náà nìyẹn." Ohùn rẹ̀ rọlẹ̀, kò sì ní ìbínú. "Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹni tí kò lè dé, ẹ má kọ ọ́ sílẹ̀ bí ẹni tí kò wá."

Àyìsátù gbé lẹ́tà ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Òórùn ọ̀sà ti gba inú ṣọ́ọ̀bù.

"Ṣé ó ṣì ń tan àtùpà náà?" ọkùnrin náà béèrè.

"Ta ni?"

Ọkùnrin náà dé fìlà rẹ̀. Ó kí i pé ó dàbọ̀, ó yí padà. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, ó bẹ̀rẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ kan ìṣù ẹrẹ̀ tó di ilẹ̀kùn mú, bí ẹni ń fọwọ́ kan orí ọmọ tó sùn. Ó jáde sínú oòrùn.

Ìgbà tó lọ tán ni Àyìsátù tó wo ilẹ̀. Òjò kò rọ̀ láti ọ̀sẹ̀ méjì. Ipa ẹsẹ̀ tó kún fún omi wà nílẹ̀, láti ìdí pátákó lẹ́tà títí dé ẹnu ọ̀nà. Gbogbo rẹ̀ dojú kọ ìta. Kò sí ọ̀kan tó wọlé.

Ó gbé ìṣù ẹrẹ̀ náà lé tábìlì. Ó da ìyókù kẹrosíìnì ilé iṣẹ́ sí i lórí, ó mú búrọ́ọ̀ṣì, ó sì ń ha á díẹ̀díẹ̀. Lábẹ́ ẹrẹ̀, idẹ yọ. Irin ìto-lẹ́tà ni, irú èyí tó wà lọ́wọ́ òun gan-an, àmọ́ ti ayé àtijọ́, lẹ́tà ṣì wà nínú rẹ̀ ní títò, ìlà mẹ́rin, ẹrẹ̀ ló dì wọ́n mú tí wọn kò fi tú ká. Ó kà á ní òdì. Ó tún un kà. Nígbà tí àwọn méjèèjì ti Fádèyí dé, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni wọ́n bá a lórí ìjókòó.

Ó ròyìn ohun gbogbo fún wọn. Mùtíù tẹjú mọ́ ibi tó ti ń fi ẹsẹ̀ ta ìṣù náà kiri láti oṣù mẹ́ta. Alàgbà Ògúntádé kà á, ó bọ́ awò rẹ̀, ó nù ún. "Ẹ jẹ́ kí oníbàárà rí i," ló wí. Kò sọ̀rọ̀ ìsinmi nílé mọ́.

Ní Ọjọ́bọ̀, Màmá Sabina dé, ojú rẹ̀ le. Alàgbà fún un ní bẹ́ńṣì ẹnu ọ̀nà, ó wọ yàrá lọ, ó mú káàdì funfun kan tó ti fi pa mọ́ wá. Mùtíù kun yíǹkì sórí ìlà mẹ́rin náà. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n tẹ̀ ẹ́. Àyìsátù ló fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un, lórí ìkúnlẹ̀.

"Ẹ bá wa péjọ níbi ìgbéyàwó
Sabina àti Adéjìmí,
ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Bélú
ọdún 1924."

Arúgbó náà fi ìka tọpa orúkọ méjèèjì.

"Adéjìmí ni Kọ́ládé inú ìwé mi. Ìkòròdú ló lọ," ó wí. "Oníwàásù kan fẹ́ ta lẹ́tà ìtẹ̀wé, Adéjìmí fẹ́ fi dá ilé ìtẹ̀wé tirẹ̀ sílẹ̀. Ó ní bí òun bá ń bọ̀, òun á mú nǹkan kan wá fi hàn mí. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ló sọ̀kalẹ̀ lọ́jọ́ kan wá sọ fún mi pé wọ́n rí i nínú ọkọ̀ Fànàndó, òun àti obìnrin. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi tí kì í sọ̀kalẹ̀. Mo gbà á gbọ́." Ó yíjú sí Àyìsátù. "Ẹni tó wá bá ọ. Ọwọ́ òsì rẹ̀ ńkọ́?"

"Orí ìka ìtọ́ka rẹ̀ kò sí, Màmá."

Ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó fi káàdì náà lé àyà.

"Ó béèrè," Àyìsátù wí, "bóyá ẹ ṣì ń tan àtùpà."

Ẹ̀rín kékeré kan yọ lójú arúgbó náà, ẹ̀rín ọmọbìnrin tí wọ́n ká mọ́ ibì kan. "Mò ń tàn án. Àwọn ọmọ ilé rò pé nítorí Népà ni."

Àyìsátù dìde kúrò lórí ìkúnlẹ̀. Màmá Sabina wá kó ìró rẹ̀ jọ, ó sún sí ẹ̀gbẹ́ kan lórí bẹ́ńṣì, díẹ̀ díẹ̀, bí èèyàn ṣe ń sún fún ẹni tó rin ọ̀nà jíjìn dé. Ó jókòó bẹ́ẹ̀, ojú rẹ̀ síwájú, títí oòrùn fi kúrò lẹ́nu ọ̀nà.

"Ojú ìwé ìkẹyìn yẹn," ó wí nígbà tó dìde, "fi sílẹ̀ bí Adéjìmí ṣe tò ó."

Mùtíù sìn ín dé Ladi-Lak. Àyìsátù mú àkísà, ó fẹ́ nu bẹ́ńṣì. Ibi tí Màmá jókòó sí gbẹ. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, níbi tó ṣí sílẹ̀, tutù rinrin, ó sì fẹ̀ tó ìjókòó èèyàn kan.

Kò nù ún. Ó jẹ́ kó gbẹ fúnra rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì tó fọwọ́ kan lẹ́tà, ó gbẹ, ó sì lọ́ wọ́ọ́rọ́, bẹ́ẹ̀ ló sì rí títí tí wọ́n fi tẹ ìwé náà parí tí Màmá Sabina sì kà á tán.

Ọjọ́ tí arúgbó náà sún lórí bẹ́ńṣì ni ọ̀rọ̀ náà yanjú: Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Bélú, ọdún 1984.