Orúkọ Tí Wening Pa Rẹ́

"Yọ orúkọ ẹ̀ kúrò jàre," Galih wí, ó na ìka sí ojú kọ̀ǹpútà. "Àwọn adájọ́ ò fẹ́ràn ohun àyálò. Ta ló máa mọ̀?"

"Ó ní ká fi sílẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tó bẹ̀ wá náà nìyẹn," Wening dáhùn.

"Ṣé láti Pontianak lọ́hùn-ún ló ti máa wá mú ẹ? Ìwọ ọmọbìnrin yìí, o ti ń ṣojo jù."

Kíláàsì kan náà ni àwọn méjèèjì wà ní ilé-ìwé iṣẹ́-ọwọ́ ní ìlú wa, Semarang. Ẹni tí wọ́n ń sọ ni Syahrul, nọ́ọ̀sì kan ní ìlú Pontianak tó máa ń kọ ètò kọ̀ǹpútà nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ bá dilẹ̀. Ó kọ èyí tó ń ṣọ́ bí omi ṣe ń kún, tó sì ń pe fóònù àwọn ará àdúgbò kí omi tó wọlé. Ó gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, kí ẹni tó bá fẹ́ mú un, kí ó tún un ṣe, kí ó sì lò ó.

Ẹni tó bá gba ipò kìíní nínú ìdíje ìlú ti wọ yunifásítì nìyẹn. Wening pa orúkọ Syahrul rẹ́, ó fi tirẹ̀ sí i, ó sì gba ipò kìíní. Wọ́n ri ẹ̀rọ tó ń wọn omi fún ètò náà mọ́ etí òkun ní àdúgbò wa, gbogbo wa sì pàtẹ́wọ́ fún un.

Ẹni tí inú rẹ̀ dùn jù ni Budhe Lasmi, ẹ̀gbọ́n ìyá Wening, tó tọ́ ọ dàgbà. Ẹja ló ń yan tà. Bàbá rẹ̀ àgbàlagbà wà nílé lọ́dọ̀ rẹ̀, kò lè rìn mọ́, nítorí náà Budhe kì í lè jáde lásìkò tí òkun bá ń kún. "Wening ti tú mi sílẹ̀," ló ń wí káàkiri. "Bí omi bá ń bọ̀, fóònù á pè mí."

Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, Wening kíyè sí i pé bí iyọ̀ bá ti bo ojú ẹ̀rọ náà, á máa sọ pé ilẹ̀ gbẹ nígbà tí omi ti ń gòkè. Odò ni ti Pontianak, kò ní iyọ̀, nítorí náà ẹnikẹ́ni kò tíì béèrè irú rẹ̀ lọ́wọ́ Syahrul. Wening rí bí ọkùnrin náà ṣe ń fi sùúrù dá àwọn èèyàn lóhùn lójú ewé rẹ̀. Ó kọ ìbéèrè tirẹ̀, ó tún pa á rẹ́. Bí ó bá fi ètò náà hàn, Syahrul á mọ iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

"Má wulẹ̀ bi í," Galih wí. "Ṣé o fẹ́ kí wọ́n gba ipò yẹn padà ni? Máa nu iyọ̀ yẹn kúrò, ó parí."

Ó ń nù ún, àfi ìgbà tí ìdánwò dé. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Budhe lọ ra ẹja ní èbúté. Fóònù rẹ̀ wà lọ́wọ́, kò dún. Nígbà tí èmi àti Pak Wiryo aládùúgbò wa fi máa ráyè la omi kọjá dé ilé rẹ̀, ibùsùn ti rì, bàbá náà sì di igi ojú fèrèsé mú, ó ń gbọ̀n. Ọ̀sẹ̀ yẹn kò parí tó fi kú ní ilé-ìwòsàn.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Wening kọ̀wé sí Syahrul, ó jẹ́wọ́ ní gbangba. Àwọn tó ṣètò ìdíje gba ipò náà padà. Galih ní òun ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Mo wà níbẹ̀ nígbà tí Wening wá sọ tẹnu rẹ̀ fún Budhe.

"Kí ni ọkùnrin náà wá sọ?" Budhe bi í.

"Ó ní òun bá wa kẹ́dùn. Ó fi àtúnṣe ránṣẹ́ lọ́jọ́ náà gan-an. Ìlà méjì péré ni."

"Kò bínú?"

"Kò bínú, Budhe."

Budhe ń fa ìfun ẹja, kò gbójú sókè. "Tó o bá ti bi í nígbà yẹn ńkọ́?"

"Ì bá dá mi lóhùn."

"Ó dáa. Lọ jẹun."

Títí di òní, Budhe ń se oúnjẹ fún un, ṣùgbọ́n kì í bá a jókòó jẹ ẹ́ mọ́.

Inú ń bí mi bí mo ṣe ń sọ ọ́, nítorí ẹnikẹ́ni kò fi nǹkan kan du ọmọ yìí. Bí o bá lo iṣẹ́ ẹlòmíràn, dárúkọ rẹ̀. Ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ni, ṣùgbọ́n ìwọ náà ló máa nílò rẹ̀, kí o lè lẹ́nu láti béèrè ìrànlọ́wọ́ lọ́jọ́ tí iṣẹ́ náà bá dojú rú. Wening kò lẹ́nu láti béèrè, ohun tó sì pa bàbá àgbà náà nìyẹn.