Ìbéèrè Tí Oyèdèjì Bi Tẹjú

Ìdáyátù ló kọ́ Tẹjú ní ohun tí yóò sọ. Ó pẹ́ tí àwọn ọ̀rẹ́ méjèèjì ti jáde ní polí, tí wọ́n ń wáṣẹ́ kiri Òrè, ohun tí ojú wọn sì rí lọ́wọ́ àwọn máníjà kì í ṣe kékeré. Ọ̀kan ní kí wọ́n wá bá òun ní òtẹ́ẹ̀lì. Òmíràn ní òun kì í gba obìnrin tó bá ní ẹbí lọ́rùn. Nígbà tí ilé iṣẹ́ epo pupa kan lọ́nà Odígbó wá pè wọ́n fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, Ìdáyátù fa ọ̀rẹ́ rẹ̀ létí. Ó ní bí wọ́n bá béèrè ẹbí, kó ní òun kò lẹ́nìkan. Bẹ́ẹ̀, Tẹjú ní ìyá. Àríkẹ́ lorúkọ rẹ̀, opó tó ń ro oko kòkó olóko ní Araromi-Obu. Owó iṣẹ́ oko náà ló fi rán ọmọ rẹ̀ lọ sí polí.

Oyèdèjì, máníjà ibẹ̀, kò dáhùn ìkíni wọn. Ó gbẹ́sẹ̀ lé tábìlì, ó ń jẹ bọ̀ọ̀lì, ó sì fi ọwọ́ elépo ti sátífíkéètì wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní kí Tẹjú dìde, kó yí po kí òun rí i. Ó béèrè bóyá ó ti lóyún rí. Omijé lé ròrò lójú ọmọbìnrin náà, síbẹ̀ ó ń dáhùn, torí iṣẹ́ ló ń wá. Ìgbà tí ọkùnrin náà jẹun tán, ó nu ẹnu, ó wá wò ó dáadáa.

"Bí o kò bá délé lónìí, ta ni yóò wá ọ kiri?"

"Kò sẹ́nìkan, sà."

"Ìyá ńkọ́?"

"N kò ní, sà."

Oyèdèjì rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó bi Ìdáyátù náà, ṣùgbọ́n inú ti bí i débi pé ó gbàgbé ẹ̀kọ́ tí òun fúnra rẹ̀ kọ́ni. Ó ní Gàzálì bàbá òun, tòun ti gbogbo awakọ̀ gáréèjì Òrè, ni yóò wá òun. Máníjà ní kó máa lọ. Ó ní Tẹjú ti gba iṣẹ́. Ó ku kí ọ̀gá àgbà bi í léèrè ọ̀rọ̀ díẹ̀ ní Ajue. Tẹjú wọ mọ́tò Oyèdèjì, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń juwọ́. Ìlara gún Ìdáyátù láyà. Kò juwọ́ padà.

Ẹnu géètì ló ṣì wà nígbà tí Magdalene, obìnrin tó ń gbálẹ̀ níbẹ̀, sún mọ́ ọn, tó ń wẹ̀yìn wò. Ó ní àwọn ọmọbìnrin tó bá ti ní àwọn kò lẹ́nìkan ni mọ́tò yẹn ń gbé lọ sí àká kòkó kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ igbó Ajue. Òun kò rí ọ̀kankan kó padà. Ìbẹ̀rù ni kò jẹ́ kí òun lanu.

Ìdáyátù pe bàbá rẹ̀. Màmúdù ọlọ́kadà ni bàbá náà kọ́kọ́ rán sí i, wọ́n sì gba ojú ọ̀nà oko bí ẹni iná ń lé.

Ọ̀sán gangan ni, ṣùgbọ́n inú àká náà ṣú biribiri, àfi iná fìtílà kan. Ìdáyátù fojú sí ihò pákó. Òórùn ẹ̀jẹ̀ tó ti kan gbá a nímú. Bàtà obìnrin tò lọ lẹ́bàá ògiri. Irun orí léfòó nínú àgbá epo. Tẹjú kúnlẹ̀ níwájú bàbá olóògùn kan, ó di báàgì rẹ̀ mú, aṣọ íntáfíù rẹ̀ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, Oyèdèjì sì dúró lẹ́yìn rẹ̀. Igbá dúdú kan lanu sí i.

"Odò tí kò lórísun, gbígbẹ ní í gbẹ," bàbá náà ń sọ ọ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. "Ẹran tí kò lólúwa, ẹni tó rí i ló ni ín. Mo bi ọ́ kẹ́yìn. Ta ló bí ọ?"

Tẹjú tún báàgì rẹ̀ dì mú. Ó ṣì rò pé nítorí iṣẹ́ ni. "Kò sẹ́nìkan, sà."

Ojú rẹ̀ yí funfun. Ohun kan bí èéfín jáde níhò imú rẹ̀, ó wọ inú igbá.

"Àríkẹ́ ló bí i!" Ìdáyátù figbe ta. "Ìyá rẹ̀ wà ní Araromi-Obu!"

Bàbá olóògùn dá ọfọ̀ náà dúró. Ó rọra yíjú sí máníjà.

"Ẹran olólúwa lo fà wá bá mi, Oyèdèjì. Igbá sì ti lanu. A kì í pa á dé lófo."

Oyèdèjì sáré dé ẹnu ọ̀nà, ó ṣubú. Ẹ̀jẹ̀ dà nímú, ó dà létí. Ahọ́n rẹ̀ wú jáde, ó ń fi èékánná ya ojú ara rẹ̀, awọ ara rẹ̀ sì ń hun jọ bí èèpo kòkó inú oòrùn. Màmúdù fẹsẹ̀ já ilẹ̀kùn, ó gbé Tẹjú sáré jáde. Ìgbà tí Gàzálì àti àwọn awakọ̀ dé, òkú gbígbẹ ni wọ́n bá. Bàbá olóògùn ti wọgbó lọ.

Tẹjú yè. Ó ń jẹun, ó ń fọṣọ, ṣùgbọ́n ohun tí igbá gbà lọ́wọ́ rẹ̀ kò padà. Ìdáyátù lọ kúnlẹ̀ fún Àríkẹ́, ó jẹ́wọ́ pé òun lòun kọ́ Tẹjú ní irọ́ náà. Àríkẹ́ gbé e dìde. "Iṣẹ́ lẹ̀ ń wá, ọmọ mi," ni gbogbo ohun tó rí sọ.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Ìdáyátù wà nílé wọn nígbà tí Àríkẹ́ ti oko dé. Tẹjú bu omi wá, ó fi eékún méjèèjì kúnlẹ̀ bí ẹni tó gbàlejò.

"Ẹ mu omi, mà. Ilẹ̀ ti ń ṣú. Ṣé ilé yín jìn?"

Àríkẹ́ gba omi náà, ó mu ún tán.

"Kò jìn," ó ní.