Ìyá Nìkan Ló Kù

Ẹ má tíì pè mí ní òpùrọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán ná. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀, kì í ṣe àlá. Obìnrin tó ṣẹlẹ̀ sí ṣì ń bẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni dárúkọ ìwé lójú òun mọ́.

Alámì là ń pè é. Ìwé ló ń tẹ̀ jáde, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìwé oníbébà. Orí fóònù làwọn èèyàn ti ń rà á, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń kà á. Tábìlì kan àti kọ̀ǹpútà kan nínú pálọ̀, gbogbo ilé iṣẹ́ náà nìyẹn. Òun ló ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ òǹkọ̀wé, òun ló ń tún un ṣe, òun ló ń gbé e sórí ìkànnì. Tó bá wá dọ̀rọ̀ àmì ohùn, ẹ yàgò fún un! Á ní ẹni tó kọ Yorùbá láìfàmì sí i ti wọ ṣòkòtò láìso okùn.

Ìyá rẹ̀ ló ń bá gbé. Ojú Màmá ti ń ṣe bàìbàì, fóònù ló máa ń ka ìwé sí i létí nínú yàrá. Bàbá ti lọ, àwọn ẹ̀gbọ́n ti tú ká. Màmá yìí náà ni Alámì ní láyé.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, télọ̀ kan tó máa ń ra ìwé rẹ̀ pè é.

"Alámì, ẹ̀yin náà ṣi àmì fà?" Ẹ̀rín ló ń rín.

"Èmi kẹ̀? Níbo?"

"Ìwé tuntun yẹn, níbi tí gbogbo ará ilé ti kó lọ. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé, 'Ìyá nìkan ló kú.'"

Kù ni òǹkọ̀wé kọ: gbogbo wọn lọ, ìyá nìkan ló ṣẹ́kù sílé. Ojú ti Alámì. Ó sáré ṣí kọ̀ǹpútà. Kù ló bá níbẹ̀. Síbẹ̀, ó tún ìwé náà gbé sórí ìkànnì kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ó pe télọ̀ láti bi í bóyá ó ti dáa. Ọkọ télọ̀ ló gbé fóònù.

"Ẹ má bínú, kò lè sọ̀rọ̀. Ìyá rẹ̀ ló kú lálẹ́ àná."

"Háà! Ṣé wọ́n ń ṣàìsàn ni?"

"Rárá o. Wọ́n jẹun tán, wọ́n ń bá wa ṣeré."

"Ẹ kú ará fẹ́ra kù," ni Alámì sọ. Kú. Kù. Ó gbọ́ méjèèjì lẹ́nu ara rẹ̀.

Ó ṣí ìwé náà lórí fóònù tirẹ̀. Kú.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ayàwòrán, ẹni tó ń ya èèpo ìwé fún un, wà níjókòó. Òun náà ṣí tirẹ̀. "Kù ló wà lọ́dọ̀ tèmi."

Wọ́n gbé fóònù méjèèjì síra wọn. Ìwé kan náà, ojú ìwé kan náà. Kù lọ́tùn-ún, kú lósì.

Alámì pa gbólóhùn náà rẹ́ lórí kọ̀ǹpútà, ó kọ "Ìyá nìkan ló wà láàyè" dípò, ó gbé e sórí ìkànnì. Ó tún ṣí i lórí fóònù rẹ̀. Ìyá nìkan ló kú.

Ayàwòrán gbé báàgì rẹ̀. "Màmá dà?"

"Wọ́n wà ní yàrá."

"Yọ ìwé yẹn kúrò. Yọ ọ́ báyìí!" Kò tilẹ̀ dágbére kó tó jáde.

Alámì yọ ọ́. Ìwé tó tà jù ni, kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó wọ yàrá lọ. Fóònù ṣì ń ka ìwé yẹn gan-an sí Màmá létí.

"Ibi tó dùn gan-an lo ti dé yìí," ni Màmá wí. "Kí ló dé?"

"Kò sí nǹkan, Màmá. Ẹ mú fóònù wá."

Ó gbà á, ó pa á, ó fa ilẹ̀kùn dé. Ó jókòó sí pálọ̀, fóònù náà wà lórí itan rẹ̀. Ilé pa lọ́lọ́. Omi tó ń kán ní bàlùwẹ̀ pàápàá dákẹ́.

Ìgbà náà ló gbọ́ ohùn nínú yàrá. Ẹnì kan ń kàwé. Kì í ṣe ohùn fóònù, tó máa ń pe Yorùbá bí àlejò. Èyí rọra ń kà á ni, gbogbo àmì pé.

"Wọ́n di ẹrù. Wọ́n ti fèrèsé. Gbogbo wọn lọ."

Ẹ̀rù ba Alámì dé mùdùnmúdùn. Ó rá pálá dé ẹnu ọ̀nà, ó di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú. Ilẹ̀kùn kò ṣí.

"Ìyá nìkan ló..." Ohùn náà dúró.

"Kí ló dé tẹ́ ẹ dákẹ́?" Màmá ló ń béèrè. "Ẹ parí ẹ̀ fún mi."

Alámì la ẹnu. Kù ló fẹ́ sọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ti gbé ohùn rẹ̀ sókè, igbe ló fi ké e, títí dòní kò sì mọ èyí tó jáde lẹ́nu òun.

Nínú yàrá, ohùn tó ń kàwé náà rọra ní, "Ẹ ṣé."